Ìka Kan Lágbọ̀n

Àlàmísì, 9 oṣù kẹwàá 1975
Dókítà wò mí tán, ó ní tọ̀tíkólì. Orúkọ ńlá fún ọrùn tó wọ́! Kò ní pa mí, kò sì ní lọ bọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ni orí mi ti kọjú sọ́tùn-ún. Mo jáde nílé ìwòsàn, mo sunkún. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Jímọ̀, 10 oṣù kẹwàá
Ìyá ọkọ mi ní mo yọjú wo eégún Zàngbétò níbi tó ti ń ṣọ́ àdúgbò lóru, òun ló yí mi lọ́rùn. Èmi tí mo máa ń sùn kí wọ́n tó palẹ̀ oúnjẹ mọ́!

Àtìní, 13 oṣù kẹwàá
Mo ti rí i! Bí mo bá fi ìka kan kan àgbọ̀n, jẹ́jẹ́ báyìí, orí á padà síwájú. Mo yọwọ́ — ó tún lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí Idayatou, tí a jọ ń ránṣọ, fi rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú orí.

Jímọ̀, 17 oṣù kẹwàá
Ọrùn-Títọ́ wá — orúkọ tí mo fún Souradjou nìyẹn, délégé tó ń ṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, Houinmè, tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ máa ń le gan-an. Ó ní n kò ní bá ẹgbẹ́ aránṣọ wọ́de lọ́jọ́ ìrántí ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba. "Màdáámù, ẹ máa ba ìlà jẹ́." Èmi tí mo rán aṣọ gbogbo wọn! Mo fi ìka kan àgbọ̀n, mo wò ó gbọnrangandan. Ó ní ó dáa, bí ìka yẹn bá lè wà níbẹ̀ títí a ó fi kọjá níwájú àwọn ológun. Mo ní mo ti gbọ́.

Àlàrùba, 22 oṣù kẹwàá
A ń kọ́ ìwọ́de. Àsíá lọ́wọ́ òsì, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún lókè, igbe ìjọba lẹ́nu: Èhùzù, ayé ti yí padà! Dandan! Ọwọ́ wo ló kù fún àgbọ̀n? Ọrùn-Títọ́ ní kí n má wulẹ̀ nawọ́. Kí n máa di àgbọ̀n mú bí ẹni tí eyín ń ro! Inú bí mi dé gbòǹgbò.

Sàbàtí, 25 oṣù kẹwàá
Orí kì í tóbi kí olórí má lè gbé e. Mo ti lọ aṣọ mi.

Àlàádì, 26 oṣù kẹwàá
Láti Houinmè ni ìka ti wà lágbọ̀n mi. A dé iwájú àwọn ológun. Wọ́n ké "Èhùzù!" Mo yọ ìka, mo na ẹ̀ṣẹ́ sókè — "Dandan!" Wọ́n ní ká yíjú sọ́tùn-ún ká kí wọn: tèmi ti débẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ní ká kọjú síwájú. Gbogbo orí padà, àfi ọ̀kan. Ọrùn-Títọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń fi ìka gbá àgbọ̀n ara rẹ̀. N kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọ̀gá ológun kan ń wò mí, èmi náà ń wò ó.
Òun ló kọ́kọ́ gbójú kúrò.