Báǹkì Ti Kó Wọ Pálọ̀ Wa

Roswitha, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ológbò yín. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Vienna kò mú yín jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ṣubú lórí yìnyín, owó iná kò sì ní gbọ́n àpò yín gbẹ. Èmi wà dáadáa, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní bí báǹkì ìfowópamọ́ bá fi lè kúrò ní abúlé wa, kò tún sí nǹkan kan níbí mọ́, kí n ta ilé kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Mo kà á, mo sì jókòó tì í títí tíì mi fi tutù. Mi ò fẹ́ lọ. Inú ilé yìí ni mo bí ọ sí, ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ Alois kú sí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ẹni tó ni ilé tí báǹkì wà ti tà á, wọ́n sì ní tí ọdún bá ti yí, àwọn á palẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà tí ọ̀gá Prohaska tó ń gba owó wa ní báǹkì ti fẹ̀yìn tì, wọn ò fi èèyàn rọ́pò rẹ̀. Gíláàsì fífẹ̀ kan bíi tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé síbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Verena wà nínú rẹ̀ tó ń dá wa lóhùn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó jáde, láti àyà lọ sókè nìkan là ń rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé kéèkì oníhóró òdòdó pópì síwájú rẹ̀, nígbà tí mo sì padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó ti gan bí òkúta, kò tọ́ ọ wò. Mo bi í pé ṣé wọn kì í jẹ́ kó jẹun lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìlú St. Pölten lọ́nà jíjìn lòun wà. Mi ò bá a jiyàn, ọmọ tí wọ́n há mọ́ irú ibẹ̀ yẹn, kó máa sọ ohun tó bá ń tù ú nínú.

Òun ló ṣàlàyé fún mi pé àwọn báǹkì tuntun kan ti dé tí kò nílé, tí kò ní ilẹ̀kùn, inú fóònù ni wọ́n ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kó owó wọn tọ̀ wọ́n lọ, ìdí nìyẹn tí báǹkì tiwa fi ń ṣọ́ owó ná. Mo ní ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ilẹ̀kùn ta lèèyàn fẹ́ lọ kàn? Edeltraud aládùúgbò wa ti ṣí àkáǹtì síbẹ̀ ná. Nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún èmi, ó sọ ọ́ fún Fada, kó má baà sọ nù.

Ṣé o rántí Ọjọ́ Ìfowópamọ́ ní ìparí oṣù kẹwàá, bí o ṣe máa ń gbé kóló rẹ lọ sí báǹkì, tí wọ́n á fún ọ lẹ́bùn, tí àwa àgbà á sì máa jẹ sọ́séèjì? Lọ́dún yìí wọ́n ní inú fóònù ni ẹ̀bùn máa bá wá. Inú bí mi. Mo lọ bá Verena, mo ní kó bẹ àwọn tó há a mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n tú u sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, kó wá bá wa ṣe é, kó sì mú ọ̀gá rẹ̀ dání.

Wọ́n wá o! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Méjèèjì pé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó tiẹ̀ ga jù mí lọ. Ṣùgbọ́n báǹkì tutù nini, wọ́n ti pa iná tó ń mú un gbóná, ni mo bá kó gbogbo wọn wá sí pálọ̀ wa. Tọmọdé tàgbà ló gbé kóló dání, kò sí àyè ìjókòó mọ́. Ọ̀gá náà, Dókítà Lechner, ń jẹ kéèkì bí ẹni tó ti gbààwẹ̀ bọ̀, ó bi mí pé ta ló ń lo yàrá yìí. Mo ní láti ìgbà tí Alois ti lọ, èmi àti sítóòfù tó ń mú un gbóná ni. Ó wo Verena, Verena wò ó. Ó ní ibi tí kò ní ná àwọn lówó púpọ̀, tí àwọn èèyàn á sì máa wọlé fúnra wọn, làwọn ń wá kiri. Mo ní ó ti rí i nìyẹn, Edeltraud kì í tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Àwa àti báǹkì ti tọwọ́ bọ̀wé pé pálọ̀ wa ni wọ́n á máa lò, Roswitha. Ẹ̀rọ owó ti wà lára ògiri, gíláàsì Verena wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, òun fúnra rẹ̀ á sì máa wá ní Ọjọ́bọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi aṣọ bo gíláàsì náà kó lè rí oorun sùn.

Nítorí náà mi ò bọ̀ ní Vienna, ilé kì í ṣe títà. Má bínú sí mi. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé inú ilé onílé ni màá kú sí, mi ò kàn lè sọ ọ́ fún ọ ni.

Jọ̀wọ́, fi àádọ́ta yúrò sínú àpòòwé ránṣẹ́ sí mi. Mo ń wá awò ojú mi lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ náà gbé káàdì mi mì, tuntun kò sì tíì dé. Owó gbogbo abúlé wà lára ògiri mi, mi ò rí ti búrẹ́dì.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ilé rẹ á máa gbóná. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Kérésì, kí àyà rẹ má ṣe já bí o bá bá àwọn èèyàn lórí ìlà nínú pálọ̀. Àga bàbá rẹ ṣì wà láyè rẹ̀. Mo ní kí báǹkì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé oníbàárà kankan kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀, pé ọmọ rẹ̀ ló ni ín.

Èmi ni màmá rẹ,
Notburga