Fáànù Balùwẹ̀ Wa Ti Dákẹ́

                                                  Ilé Kẹsàn-án, Òkè Kejì,
                                                  Òpópónà Kẹta.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Télọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà lọ́hùn-ún? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Ara àwa náà le. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ torí bí mo ṣe já fóònù mọ́ ọ létí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Jọ̀ọ́, má bínú. Fáànù balùwẹ̀ ló fà á.

O mọ̀ pé láti oṣù méjì tí wọ́n ti ti ilé ìtẹ̀wé wa pa, ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Àràárọ̀ ni mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, tí mò ń gba oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ ìyàwó mi, tí mò ń dágbére, tí mo sì ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé ìpẹ̀kun ìlú. Mo ti ka ìwé kan nípa ẹja tán. Ó ti sú ọ láti máa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Obìnrin tó ti ń fi iṣẹ́ mi yangàn láàárín ẹbí rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, kí ni mo fẹ́ wí fún un?

Fáànù yẹn, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, sì rèé, ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nílé wa, ẹni tó bá lọ́rọ̀ àṣírí á wọ balùwẹ̀, á tan fáànù, á ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń pè ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi ní eruku fáànù náà já bọ́ sórí irun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, pé dandan ni kí n nù ún lónìí, òun ò gbọ́ ọ̀la. Mo pa iná láti ìdí mítà, mo gun àkàsọ̀, mo tú ìdè mẹ́rin tó mú ìdérí rẹ̀. Eruku ya lù mí lójú. Mo sín nígbà mẹ́tàdínlógún. Ìyàwó mi tó di àkàsọ̀ mú nísàlẹ̀ ló kà á. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó ha apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi omi ọṣẹ fọ ìdérí, mo jẹ́ kó gbẹ, mo dá a padà. Nígbà tí mo tàn án, kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo gbé bébà sí i, tó fà á mọ́ra. Inú mi dùn débi pé mo ń yan kiri ilé.

Ọjọ́ Ajé dé, mo wọ balùwẹ̀, mo tan fáànù, mo pè ọ́. Ó ti mọ́ mi lára láti máa pariwo níbẹ̀, mo sì pariwo. O rántí ohun tí mò ń sọ: pé ìyàwó mi ò fura rárá. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo pa fóònù. Mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí.

Ìyàwó mi ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ mi. Kò bínú. Ó ní, "Dádì, oṣù méjì rèé tí mo ti ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ yín tí mi ò rí yíǹkì kankan lára rẹ̀."

Télọ̀, yíǹkì! Èmi atẹ̀wé, mi ò rántí yíǹkì! Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń retí kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni, àmọ́ òun rí i pé níwọ̀n ìgbà tí fáànù yẹn bá ṣì ń pariwo, mo ṣì máa rí ibi sá pamọ́ sí. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Mo tún na ọwọ́ sí abọ́ kí n máa lọ, torí ó ti mọ́ mi lára. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi síbí tì í, ó ní kí n jókòó. Oúnjẹ náà gbóná, Télọ̀. Oṣù méjì ni mo ti ń jẹ ẹ́ ní tútù.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ìyá wa. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, pé òun àti ìwọ ṣì máa sọ̀rọ̀, ìwọ tó o mọ̀ tó o dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ríbi sá sí mọ́,
Atẹ̀wé