Ọkùn Tí Mo Dì Mọ́ Lọ́rì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ọ̀bà-Ilé níbí, bí orúnkún tilẹ̀ ń dùn mí. Mo kí tọmọdé tàgbà ilé wa ní Oǹdó. Mo kí ìyàwó yín, ìyá Adéwálé, bó bá ṣì ń gba kíkí lẹ́nu mi.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà, àmọ́ mi ò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè nínú ilé, kí wọ́n sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ibẹ̀ ni mo ti dìde dúró sọ pé Adéwálé ọmọ yín ló pa ọkọ mi.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí. Kòkó ń bu nínú àpò. Mo ṣì ń se iṣu ẹni méjì; ìgbà tó bá jinná tán ni mo máa ń rántí. Owó ọkọ̀ háyà ti kọjá agbára mi, ni mo bá ní kí wọ́n wọ́ lọ́rì wa, tó já mọ́ Adéwálé lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ tí ọkọ mi fi kú, jáde nínú koríko, kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ rántí pé jíà ẹ̀yìn lọ́rì yẹn ní ipò méjì, ọ̀kan fún agbára, ọ̀kan fún eré. Bọ́tìnnì kan wà lára ọ̀pá jíà tí dírẹ́bà ń fà láti pààrọ̀ wọn. Tó bá há sáàárín méjèèjì, ẹ́ńjìnnì ò lè di ọkọ̀ mú mọ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́, bíréèkì nìkan ló kù.

Lófìfo, ó lọ Àkúrẹ́ ó bọ̀ láìsí wàhálà. Ọjọ́ tí a di ẹrù sí i, dírẹ́bà tuntun fa bọ́tìnnì kí wọ́n tó dé gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ odò, kò dáhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní Bàbá ló di nǹkan náà mú. Mo ní ọkọ mi ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Síbẹ̀, mo ní kí wọ́n já ẹrù, kí wọ́n pe mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì ní òun ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò sóhun tó ṣe é. Ohun tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn jàǹbá náà sọ nìyẹn, tí a fi pe Adéwálé ní òpùrọ́. Mo bi í bóyá ó dán an wò pẹ̀lú ẹrù. Ó ní ṣé Màmá náà kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Mo ní rárá, àmọ́ mo ti ń gun lọ́rì yìí kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú.

A kó àpò kòkó sí i nínú ọgbà. Mẹkáníìkì fa bọ́tìnnì, ẹ̀yìn ọkọ̀ dún. Mo ta tapólì bò ó, mo ti ọkùn bọ irin abẹ́ ọkọ̀, mo fi ẹsẹ̀ ti táyà, mo fà á le bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó tún fa bọ́tìnnì. Kò dún. Mo tú ọkùn, ó dún. Mo dì í padà, ó dákẹ́.

Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní kí n wá wò ó. Mo sùn sínú ẹrẹ̀. Ibi tí ọkùn mi ń gbà ni wáyà bọ́tìnnì ń gbà. Ọkùn mi ti jẹ awọ rẹ̀ tán. Bí mo bá ti fà á le, á tẹ wáyà mọ́ irin, iná ò ní dé ẹ̀yìn mọ́, jíà á sì há.

Ẹ̀gbọ́n mi, ní àárọ̀ ọjọ́ jàǹbá yẹn, ọkọ mi ní kí n dì í kó le dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín pé kò sẹ́ni tó lè tú ìdè ọwọ́ mi. Àdá ni wọ́n fi gé ọkùn náà kí wọ́n tó gbé àpò kúrò lára òkú rẹ̀. Ìgbà tí mẹkáníìkì fi máa dán ọkọ̀ wò, ọkùn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Adéwálé sọ fún wa pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu pé òun fa bọ́tìnnì, kò dáhùn. Èmi ni mo ní bó bá tún wọ ilé bàbá wa, èmi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Èmi lẹ mú, ẹ lé ọmọ yín.

Mo gbọ́ pé pákó ló ń rù ní Òkìtìpupa. A ti gbé wáyà gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹlòmíràn ló sì ń di ọkùn. Bí mo bá ń wé gèlè pàápàá, tó bá ku kí n fà á le, ọwọ́ mi á dúró.

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í bẹ èèyàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ pè é wálé. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo yín sí, kó sì sọ ilé yín di ilé ayọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó bá béèrè mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ò yí padà: bó bá wọlé, èmi ò ní wọlé. Ẹ jẹ́ kó wọlé. Màá wá sí Oǹdó, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, títí òun fúnra rẹ̀ á fi jáde wá pè mí.

Èmi àbúrò yín tí ẹ tọ́ dàgbà,
tí mo ṣì jẹ́ ọmọ yín,
Adébọ́lá.