Alángbá Tó Yọ Lẹ́yìn Àna Wa ní Dọ́blìn

                                        Ojúlé Kọkàndínlógún,
                                        Òpópónà Àyàntúndé,
                                        Ìta Ẹlẹ́wà,
                                        Ìkòròdú.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejìlá, 2007.

Sànní, ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn tipátipá,

Ṣé àlàáfíà ni Ẹ̀pẹ́ wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti gbà kó o máa dé ẹnu ọ̀nà, àbí orí àga lo ṣì wà bí ọba tí wọn kò tíì fi jẹ? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fara da ìwà rẹ? Bùnmi àtàwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ọyẹ́ ọdún yìí mú, mo gbà á ládùúrà pé kò ní mú wa lọ. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Ara le, àfi eyín ìsàlẹ̀ mi kan tó ń mì bí ayálégbé tó fẹ́ kó jáde.

Bùnmi ọmọ rẹ ti ní kí n yéé kọ lẹ́tà, kí n máa tẹ̀ ọ́ láago. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju káàdì fóònù lọ ni mo ṣe kọ ọ́, tí mo fi rán dírẹ́bà Ẹ̀pẹ́. Jókòó dáadáa kó o tó máa kà á lọ. Láti Sátidé tó ti ṣẹlẹ̀, ẹnu mi kò tíì padé.

O mọ Ìyìnolúwa, àkọ́bí ọmọ mi Ọláṣẹ́gun, èyí tó ń ṣe akọ̀wé ní ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Torí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tirẹ̀ náà ni mo ṣe ránṣẹ́ pè ọ́ tó o fi orúnkún bojú. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ ni Dùnsìn, ọmọ Fàlílátù aránṣọ. Ó ti tó ọdún méjì tí gbogbo àdúgbò ti sin Dùnsìn dé garéèjì, tí wọ́n gbàdúrà fún un, tó ní Dọ́blìn ni òun ń lọ, ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Láti ìgbà náà, orí fóònù àti inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni òun àti Ìyìn ti ń fẹ́ra wọn. Tó bá pè, nọ́ńbà rẹ̀ kì í hàn. Wọ́n ní bí nọ́ńbà òkè òkun ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́: òun rèé níwájú ilé bíríkì, òun rèé nínú yìnyín, òun rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Mo sọ lọ́jọ́ kan pé àyà rẹ̀ kọjú sí Ṣágámù, ọrùn rẹ̀ kọjú sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní òtútù ló fà á.

Àdéhùn wọn ni pé tá a bá ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán, Ìyìn yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù yìí, yóò lọ bá a. Ó ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ pàápàá, ó kù kó fún ọ̀gá rẹ̀.

Ìwọ náà mọ bá a ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́. Bí ọkọ bá wà lókè òkun, a ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, àbúrò rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ dípò rẹ̀, ó parí. Àwọn ọmọ ní fọ́tò ti di ti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n ní Tàófíìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá garéèjì máa gbé kọ̀ǹpútà wá sí pálọ̀, a ó sì rí ọkọ láàyè, a ó máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì wá. Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa. Tíṣà Ògúnsànyà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pé ayé ti di abúlé kan ṣoṣo báyìí. Dáúdà, àbúrò bàbá ọkọ, ní ẹni tó bá wà nínú íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wà nílé náà nìyẹn. Mo ní tó bá wà nílé, kó bá wa gbé àga. Wọ́n ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Sátidé pé. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, Tàófíìkì so wáyà mọ́ wáyà, kò pẹ́ Dùnsìn yọ. Àwòrán rẹ̀ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣí kí ohùn tó dé, ṣùgbọ́n òun ni. Ó wọ kóòtù nínípọn, ó fi fìlà olówùú bo etí méjèèjì, wọ́n sì ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì olódòdó sẹ́yìn rẹ̀. Bí Fàlílátù ṣe rí ọmọ rẹ̀, ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ń fọwọ́ pa gíláàsì bí ẹni tó ń nu imú ìkókó.

Èmi rí i pé òógùn ń ṣàn lójú ọkọ ìyàwó. Mo bi í pé ṣé inú òtútù Dọ́blìn ló ti ń laàgùn bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń dáná sínú ilé níbẹ̀ ni. Tíṣà mi orí pé òótọ́ ni, òun ti kà á rí.

Ó wá kan ìdọ̀bálẹ̀. Dùnsìn tẹ̀ wálẹ̀, ó pòórá. Aṣọ olódòdó nìkan là ń wò. Lẹ́yìn náà ó tún yọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa.

Mo ní: "Ọmọ, o ti dọ̀bálẹ̀ ni, àbí o lọ mu omi?"

Sànní, ká má purọ́ fúnra wa, eré ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n pálọ̀ dàrú. Dáúdà ní bí ojú ènìyàn bá ti kúrò nínú gíláàsì, àyà rẹ̀ ti kanlẹ̀ nìyẹn. Tíṣà ní òfin íńtánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀, pé ní òkè òkun orí ni wọ́n kàn ń mì. Mo ní èmi ò fọmọ fún alágẹmọ. Mo ní ìdọ̀bálẹ̀ tí àna kò bá rí, oorun ni. Àwọn àgbà yòókù gbè mí lẹ́sẹ̀. Tàófíìkì wá ṣàlàyé fún Dùnsìn pé kó mú ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń ríran, ohun kan báyìí bíi bọ́ọ̀lù kékeré tó ní okùn nídìí, kó gbé e sọ́nà jíjìn. Dùnsìn ní okùn rẹ̀ kò gùn. Tàófíìkì ní okùn wọn máa ń gùn. Mo ní a ó dúró dè é, a ò tíì jẹun.

Ó gbé e. Pálọ̀ wọn yí bírí lójú wa, a rí àjà, a rí ẹsẹ̀ àga, lẹ́yìn náà a rí òun fúnra rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ó na gbọọrọ, ó fàyà lélẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi! A pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sílẹ̀, kóòtù rẹ̀ ti kọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì já wálẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Fèrèsé wà níbẹ̀. Lẹ́yìn fèrèsé, fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ri àkúfọ́ ìgò mọ́ lórí. Oòrùn ràn yòò. Lórí fẹ́ǹsì yẹn, alángbá kan jókòó, akọ, olórí pupa. Ó wo Dùnsìn nílẹ̀. Ó mi orí. Ó tún mi orí, bí àna tó gba ìkíni.

Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pé nínú ìwé tí òun kà, alángbá kì í gbé inú yìnyín. Dáúdà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló pàdé ara wọn, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tá à ń lo tẹlifóònù oníwáyà, tó o bá pe Yábàá tí o máa gbọ́ ẹni tó ń jà n'Íbàdàn. Pé fẹ́ǹsì ẹlòmíì ló ṣì wọ inú àwòrán àwọn. Tàófíìkì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dáúdà bi í bóyá òun ló dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáyé. Obìnrin kan nínú ẹbí wọn ní ó ṣeé ṣe kí alángbá náà ti inú àpótí Dùnsìn bá a dé ọ̀hún. Mo ní á jẹ́ pé ó ti gbàwé ìgbélùú ṣáájú ọ̀pọ̀ ọmọ wa.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Dùnsìn ṣì wà nílẹ̀ gbalaja. Kò mọ̀ pé aṣọ ti já. Ó ń retí kí á ní kó dìde.

Ìyìn jáde látinú yàrá. Kò tíì yẹ kó jáde, a kò tíì pè é. Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà, ó sì wo fẹ́ǹsì yẹn pẹ́.

"Dùnsìn, ibo lo wà?"

Ọmọkùnrin náà gbórí sókè, ó rí ojú gbogbo wa, ó wẹ̀yìn. Ó yíjú padà.

"Agbowa ni mo wà."

Fàlílátù ní, "Agbowa wo ló wà ní Dọ́blìn?"

Ìyìn ní, "Agbowa ò jìnnà. Dìde, kó o wá dọ̀bálẹ̀ níbí." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa kọ̀ǹpútà náà dé.

Agbowa, Sànní! Agbowa tó wà láàárín èmi àti ìwọ! Àwọn àgbà ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Èyí ò tilẹ̀ rìn dé Ẹ̀pẹ́. Oṣù tó kọjá ni Fàlílátù lọ ra gaàrí ní ọjà Agbowa. Obìnrin tó ń fi omijé gbàdúrà kí òtútù má pa ọmọ òun, ó ra gaàrí tán, ó wọkọ̀, ó ń bọ̀ nílé.

Ọbẹ̀ kò tíì tutù nígbà tí ọ̀kadà já Dùnsìn sílẹ̀. Kóòtù yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, eruku pupa ti bò ó, fìlà ṣì wà lórí. Kò wọlé rárá. Ẹnu ọ̀nà ló na sí nínú iyẹ̀pẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ bó ṣe jẹ́. Ẹni tó ní òun máa bá a ṣe ìwé ìrìnnà ló já a sílẹ̀ ní Kùtọnu, tó sì sá lọ. Kò lè padà wá bá àwọn tó gbàdúrà fún un ní garéèjì. Ó yà sí Agbowa, ó ń bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ orí ènìyàn lẹ̀ mọ́ ara òyìnbó. Ìyìn bi í pé tí òun bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù ńkọ́. Ó ní òun rò pé ọ̀nà máa là kó tó dìgbà náà.

A ń retí kí ìyá rẹ̀ fọ́ ọ létí. Fàlílátù dìde, ó bọ́ fìlà olówùú yẹn lórí ọmọ rẹ̀, ó fi etí gèlè nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní, "O ti jẹun?"

Ọmọ mi Ọláṣẹ́gun fà mí sápá kan. Ó ní àlejò ti jókòó, oúnjẹ ti délẹ̀, àti pé ọkọ tó wà nítòsí kì í ṣe ohun burúkú. Dáúdà ti gbọ́, kíá ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní ṣebí ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà fún náà nìyẹn, láti sọ ọ̀nà jíjìn di ìtòsí. Ká ní wọ́n bi èmi náà, ǹ bá gbà. Ìyìn ni kò gbà. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ fún wa kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ bá mi dá ẹrù wọn padà fún wọn. Mi ò kọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹni tí mo gbà fún, Dọ́blìn ló ń gbé. Èyí tó ti Agbowa wá yìí, mi ò mọ̀ ọ́n. Tó bá fẹ́ kí n mọ òun, kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

Wọ́n kó iṣu wọn, wọ́n kó obì àti oyin wọn. Lówùúrọ̀ òní, Ìyìn wọ bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wọn bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Sànní, ohun tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ nìyí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Dùnsìn wá kí mi pé ó dàbọ̀. Mo ti ní ọ̀rọ̀ alángbá kan lẹ́nu fún un, èyí tí ìwọ ì bá rín títí orúnkún rẹ á fi san. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà gbọ́:

"Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ ní kí n dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó ti rẹ̀ mí."

Ìwọ náà mọ ẹnu mi. Mo wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ títí, mi ò rí ẹyọ kan. Mo kàn gbọn eruku kóòtù rẹ̀ fún un.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí Bùnmi, kó o sì fi òrí pa orúnkún yẹn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu ń yà,
Mojúbàolú.