Orúkọ Tí Màmá Bertha Kò Pè

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì 1913
Ohun tó bàjẹ́: orí kẹta ìwé ìtàn ìjọ wa tún padà wá. Ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé l'Ékòó ṣáájú ọdún Àjíǹde. Ta ló mọ̀ pé yóò padà wá? Pásítọ̀ Olúdayọ̀ mọ̀. Ìgbìmọ̀ mọ̀. Èmi akọ̀wé wọn nìkan ni wọn ò sọ fún. Níbi tí mo ti kọ́ òwò lọ́dọ̀ òyìnbó, wọn ì bá ti lé ẹnì kan lọ.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo rí ohun tó fà á. Ìwé Ìlànà tí a fi ń kọ ìwé ìjọ. Pásítọ̀ — Ọ̀gá Ìlànà ni mo ń pè é níbí — fi yíǹkì pupa fàlà sábẹ́ ẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ìwé, orúkọ kan ṣoṣo, orúkọ àbísọ. A kò gba ìnagijẹ.
Ìtàn Màmá Bertha ló fi bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lé àwọn tó ń gbàdúrà jáde ní agbo ilé ọkọ Màmá ní Bẹ́rẹ̀, àbúrò ọkọ wọn, tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Agùntáṣọọ́lò ni Màmá pè é. Ọ̀gá Ìlànà pa á rẹ́. Ó fi sí wọn lẹ́nu: "Mo ké sí Gàníyù."
Ìyàwó ilé!

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọ̀gá Ìlànà lọ sí Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ dúró.

Àbámẹ́ta, 8
Mo lọ ka orí kẹta fún Màmá. Bí mo ṣe dé ibi orúkọ yẹn, wọ́n dìde lórí ẹní. Wọ́n ní àtọjọ́ tí àwọn ti wọlé ọkọ yìí, àwọn ò pe ẹni tí àwọn bá nílé lórúkọ rí. Ṣé ìgbà tí eyín àwọn tán ni àwọn á wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́? Mo bẹ̀bẹ̀ títí.
"Akọ̀wé, bí ẹ bá tẹ ìyẹn, màá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá ní irọ́ ni."
Nínú ìjọ, àwọn nìkan ló kù tí ọjọ́ náà ṣojú wọn. Bí wọ́n bá yọwọ́, orí kẹta ò sí mọ́.
Agùntáṣọọ́lò fúnra wọn wà níta, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe ń kọjá: "Gbogbo ìyàwó tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Òun ló kù. Ẹ tún fẹ́ gbà á lẹ́nu ẹ̀?"


Ìṣẹ́gun, 11
Ìpàdé nílé Ọ̀gá Ìlànà ní Ọ̀rányàn. Mo ní: níbi tí àwa ti ń ròyìn, ká kọ Gàníyù, níbi tí Màmá ti ń sọ̀rọ̀, Agùntáṣọọ́lò, ká ṣàlàyé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ó kọ̀. Ó ní òǹkàwé á rò pé ọkùnrin méjì ni. Mo bi í pé òǹkàwé wo — ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò gbé ilé tí ìyàwó wà rí? Ó ní ìlànà ni ìlànà.
Ibẹ̀ la wà tí Louisa, ìyàwó ẹ̀, fi ké sí àbúrò Pásítọ̀ láti yàrá ìdáná: "Eyínfúnjowó, ẹ wá gbé omi fún àlejò."
Mo wo Pásítọ̀. Ó ń wo inú ìwé. Mo bi í pé orúkọ wo la ó kọ sí Louisa lẹ́nu. Ó ní ká parí ìpàdé.

Ọjọ́rú, 12
Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ yìí nìyí, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ:
"Pásítọ̀, ẹ dá Agùntáṣọọ́lò padà sẹ́nu Màmá Bertha. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo fún yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, mi ò ní buwọ́ lùwé, ìwé náà ò sì ní kúrò n'Íbàdàn. Ẹ fi yíǹkì pupa yín kọ ọ́."