Wáyà Tí O Fà Gba Inú Ògiri

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Èmi náà wà, ara mi sì le, àmọ́ inú ń bí mi. Inú ń bí mi débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fa ìwé yìí ya kí n tó rí èyí tí mo lè fi ránṣẹ́.

Wọ́n ti ní kí Bàbá Wáyà lọ jókòó sílé. O mọ̀ ọ́n, bàbá tó ń to gbogbo wáyà níbi iṣẹ́ wa, tó máa ń dìde lórí àga fún ọ tí o bá wá. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kó fẹ̀yìn tì. Ìwọ lo kọ̀wé sí wa pé wáyà tó so sódì ló jẹ́ kí ètò ìkìlọ̀ oògùn dákẹ́. Tí ìgbìmọ̀ bá dá a lẹ́bi lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á lé e dànù, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n á di òfo.

Ọjọ́ méjì gbáko làwọn ilé ìwòsàn tí à ń bá tọ́jú àkọsílẹ̀ ò fi rí ìkìlọ̀ nípa oògùn tí ara aláìsàn kò gbà. Obìnrin kan ti ká aṣọ apá sókè tán kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó lè pa á. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ṣì bi í léèrè bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà. Ṣé o gbọ́ mi? Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnu nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí o tà fún wa!

Mo mọ̀ pé ogun lọjà yín. Àwọn tó ń ta ọpọlọ ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà ronú, ò fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀yin tí ẹ gbé tuntun dé sì fẹ́ gba gbogbo yàrá ẹ̀rọ tó wà láyé. O ní tiyín kì í jẹ iná púpọ̀, kì í gbóná. Òótọ́ ni. Àmọ́ o mọ̀ pé ọpọlọ méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, pé àfi ká tún ètò wa kọ kó tó lè ṣiṣẹ́ lórí tuntun. Mo fà ọ́ sí kọ̀rọ̀, mo bi ọ́. O ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, á ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, o gbé ẹ̀rọ tuntun sórí tábìlì, ètò náà ń ṣiṣẹ́ lójú wa, ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́. Èmi ló yẹ kí n yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò kí n tó buwọ́ lùwé. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní àbúrò mi ni, kí ni mo tún ń wá? Òmùgọ̀ ni mí.

Lánàá mo wọ ẹ̀yìn tábìlì yẹn. Mo bá wáyà kan, mo tẹ̀ lé e gba inú ihò ògiri bọ́ sí yàrá kejì, ẹ̀yìn ẹ̀rọ àtijọ́ ló parí sí. Ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a pàtẹ́wọ́ fún! Abájọ tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí a pa á ni ètò dákẹ́. O sì mọ òfin Bàbá Wáyà: ẹni tó bá so wáyà, ì báà ṣe àlejò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ orúkọ àti ọjọ́ sórí bébà, tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. O sọ fún un pé fáìlì lásán lo fẹ́ fi wáyà náà kó láti ara ẹ̀rọ àtijọ́, ó sì dúró tì ọ́ títí o fi kọ ọ́. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí èmi fúnra mi kọ́ ọ.

Mo pè ọ́ lórí fóònù. Kí lo sọ? “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, bàbá yẹn kúkú ti darúgbó.” Háà! Ojú ò tì ọ́!

Láàárọ̀ yìí, mo gbé bébà náà lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo buwọ́ lùwé láìyẹ nǹkan kan wò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé èmi náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ orúkọ rẹ. Ọ̀gá kà á tán, ó wò mí, ó ní, “Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí rí ni?” Mo ní, “Ọmọ ìyá mi ni, sà.”

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kó tọ́jú àwọn ọmọ rẹ, kó má sì jẹ́ kí wọ́n fìwà jọ ọ́ nínú èyí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀.

Mo tún rántí: ẹ̀rọ yín dára o. Ká ní o sọ òótọ́ pé oṣù mẹ́ta la máa fi tún ètò wa kọ ni, à bá dúró, à bá sì rà á lọ́wọ́ rẹ.