Èrò Wa ní Wọ́ọ̀dù Lórí Ìwé Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, akọ̀wé tí kálámù rẹ̀ kì í ṣìnà,

Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ tí o kọ dé ọwọ́ mi, gbogbo wọ́ọ̀dù wa nílé ìwòsàn sì kí ọ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orí kan ni mo máa ń kà sókè fún wọn lọ́sàn-án kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí akọni obìnrin rẹ gun ẹṣin wọ ìlú ọ̀tá láti gba olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, télọ̀ tó wà ní ibùsùn kejì pariwo: "Baba, obìnrin yìí le ju irin lọ! Ta ló máa bá a jiyàn nílé?"

Nọ́ọ̀sì ní: "Ìwọ télọ̀ tó ń sá fún abẹ́rẹ́, ta ló bi ọ́ léèrè?"

Télọ̀ bẹ̀ mí kí n fo àwọn orí tó kù, kí òun lè mọ̀ bóyá olólùfẹ́ méjèèjì pàdé. Mo sọ fún un pé sùúrù ni baba ìwà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ká aṣọ ibùsùn rẹ̀; ó ti dágbére fáyé láìgbọ́ ìparí ìtàn.

Nọ́ọ̀sì ló ń kàwé fún mi báyìí. Òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kí ó ka ìparí ìwé rẹ kíákíá. Wọ́n pàdé, ó dùn mọ́ mi nínú.

Ìwọ má gun ẹṣin wá o, ọ̀nà jìn. Bẹ̀rẹ̀ apá kejì, má sì dúró de èrò mi. Bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún un pé mò ń jẹun dáadáa.

Èmi bàbá rẹ, tó ń fi ọ́ yangàn.